Sí Mùínátù, Lórí Oúnjẹ Tí A Lè Pè Lórúkọ

Ilé wa, Bẹ́ẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn.
Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀.

Mùínátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Yàkúbù. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ pé ara òun le, torí ó mọ̀ pé ohun tí wàá wá nínú lẹ́tà mi nìyẹn kí o tó ka ìyókù. Ara rẹ̀ le. Tèmi náà le, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀. Ó yá, jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Lẹ́tà rẹ láti Mìnnà tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá nígbà tí mo ń gé agbádá oníbàárà kan lọ́wọ́. Mo kà á tán, mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, n kò sì gbé e mọ́ títí tí ilẹ̀ fi ṣú. O ní ìyá ọkọ rẹ ń bọ̀ láti Bídà láti wá bá yín gbé títí òjò yóò fi dá. O ní obìnrin náà kò fẹ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ọmọ Tápà bíi tirẹ̀ ló fẹ́ kí ọmọ òun gbé níyàwó. N kò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn, torí èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yìgì yín, mo sì rí i pé nínú gbogbo ohun tí a gbé síwájú rẹ̀ nílé yìí, omi nìkan ló mu. O ní o kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tìrẹ. O kò fẹ́ se oúnjẹ ilé wa, kí ó má bàá rò pé o ń fi tìrẹ borí tòun. O kò sì fẹ́ dán oúnjẹ Tápà wò, kí o má bàá bà á jẹ́ lójú ẹni tó ni ín. Nítorí náà, búrẹ́dì, ẹyin díndín, sàdíìnì àti mílíìkì inú agolo ni o fẹ́ gbé fún un, torí pé oúnjẹ tí kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú nìyẹn. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, o wá kọ ọ́ pé bí ó bá kọ̀ ọ́, wàá di ẹrù rẹ wálé kí wọ́n tó lé ọ.

Nígbà tí mo dé ibi búrẹ́dì àti sàdíìnì yẹn, ẹ̀rín pa mí. Lẹ́yìn náà, àyà mi já, torí pé èmi gan-an ti ṣe irú rẹ̀ rí, oúnjẹ kan náà, agolo kan náà. Jókòó, kí n sọ ọ́ fún ọ.

O mọ̀ nípa èdè Ẹsipẹráńtò mi. Ẹ̀yin ọmọ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rò pé mo sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ rí. Nígbà tí o ṣì kéré, ẹnìkan kó bọ́tìnì wá fún mi láti Èkó, ó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ kan dì í. Nínú ìwé yẹn ni mo ti kà á pé dókítà ojú kan ní ilẹ̀ Póláǹdì ti ṣe èdè kan, kí àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ síra lè máa bára wọn sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi èdè tirẹ̀ jọba lé ẹlòmíràn lórí. Abẹ́ òyìnbó la ṣì wà nígbà náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mọ́ mi gan-an. Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni ní èdè náà, wọ́n fi ìwé pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí mi, mo sì gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ mi Tísà Adéoyè ní Òkè Bọ́lá. Aládùúrà ni, èmi Mùsùlùmí. Òun ti lọ sí kóléèjì àwọn olùkọ́, èmi kò kọjá ìwé mẹ́fà àti ilé kéú. Nínú èdè tuntun yẹn, ẹgbẹ́ ni wá. Ní ọ̀sán Sátidé, a ó jókòó ní pálọ̀ rẹ̀, a ó máa bi ara wa ní ìbéèrè bí ọmọdé.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni ti orí tábìlì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé búrẹ́dì ni pano, bọ́tà ni butero, ẹyin ni ovo, mílíìkì ni lakto, ẹja ni fiŝo, ṣúgà ni sukero. A mọ̀ wọ́n lórí bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ níbẹ̀, kò sí ọ̀ọ̀lẹ̀, kò sí iṣu. Ìyẹn kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn.

Kò pẹ́ tí mo fi ní ọ̀rẹ́ kan tí à ń kọ̀wé síra wa, ọkùnrin ará Póláǹdì kan tó ń jẹ́ Stefano. Ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe nínú ọkọ̀ òkun ni. Ní ọdún mélòó kan kí a tó gba òmìnira, ó kọ̀wé pé ọkọ̀ àwọn ń bọ̀ ní Àpápá, pé bí wọ́n bá ti fún òun láyè, òun yóò wọ rélùwéè wá sí Ìbàdàn, kí òun lè rí bí à ń gbé, kí òun sì bá wa jẹun. Bóyá o rántí rẹ̀, ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n pupa tí gbogbo ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé láti Màpó dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ọmọ mi, ayọ̀ kò jẹ́ kí n sùn. Èmi àti Tísà jókòó, a ro ohun tí àlejò yóò jẹ. Wò ó, a kò tilẹ̀ bi ara wa pé kí ni oúnjẹ tó dára nílé wa. Ohun tí a bi ara wa ni pé, kí ni oúnjẹ tí a lè pè lórúkọ níwájú rẹ̀? Ojú ń tì wá pé kí a gbé ohun kan kalẹ̀, kí ó béèrè pé kí nìyí, kí a sì máa wo ara wa bí odi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ ra búrẹ́dì, ẹyin, bọ́tà, sàdíìnì, mílíìkì àti ṣúgà onígun. Mo ní kí ìyá rẹ máa se tiyín ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó má gbé e kọjá ní pálọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, pano àti ovo. Ọ̀sán, pano àti fiŝo. Alẹ́, a tún pààrọ̀ wọn. Stefano ń jẹ ẹ́, ó ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Ní ọjọ́ kejì, ó bi wá pé, "Oúnjẹ tí ẹ̀yin fúnra yín máa ń jẹ ńkọ́?" Tísà wò mí, mo wo Tísà. Tísà dá a lóhùn pé, "Pano." Ọkùnrin náà mi orí, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ. Ó ti wọ ọkọ̀ òkun ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá jẹ búrẹ́dì tí kò tó ti ilé rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo dé láti ìrun àsùbáà, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé. Ó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ààrò ìyá rẹ, ó ń wo inú ìkòkò ẹ̀kọ mímu tí ìyá rẹ ń rò fún yín.

Ìyá rẹ kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Mùínà, ẹ kú ìrun o. Ọkùnrin yìí mà ń wo ìkòkò mi o."

Mo ní, "Jẹ́ kó máa wò ó. Ó fẹ́ rí bí à ń dáná ni."

"Dáná kẹ̀? Ebi ló ń pa á."

"Ebi báwo? Ó jẹun lálẹ́ àná."

"Kí ló jẹ? Búrẹ́dì àti ẹja inú agolo. Ẹja tí ò lórí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣàlejò nílé bàbá yín nìyẹn? Bí wọ́n bá gbọ́ nílé wa ní Bẹyẹrunka pé báyìí ni mo ṣe bọ́ àlejò ọkọ mi, kí ni kí n wí?"

Ìyá rẹ bu ẹ̀kọ náà sínú abọ́, ó fi àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tì í, ó nà án sí ọkùnrin náà. Kò bi mí bóyá kí òun fún un. Stefano gbé abọ́ náà dé imú, ó gbọ́ òórùn kíkan yẹn, ó sì rọra sọ pé, "Kaĉo." Omi lé sí i lójú.

Ìyá rẹ ní, "Kí ló wí?"

Mo bi í. Ó ní irú oúnjẹ yìí ni ìyá òun máa ń rò fún àwọn láàárọ̀ nígbà tí òun wà ní kékeré, pé kaĉo ni Ẹsipẹráńtò pè é, àti pé lẹ́nu àwọn ìyá bíi ti òun, lápá ilẹ̀ tòun, ni dókítà yẹn ti mú ọ̀rọ̀ náà.

Mo sọ fún ìyá rẹ pé, "Ó ní ìyá òun máa ń se é."

Ìyá rẹ ní, "Ẹ sọ fún un pé ó ṣì kù nínú ìkòkò." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá a sọ nígbà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn títí ó fi padà sí Àpápá, ẹ̀yìnkùlé ni Stefano ń jókòó, èmi àti Tísà ló kù ní pálọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló tó ṣàlàyé ohun tí ìwé wa kò sọ. Ó mú àwọn ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà níkọ̀ọ̀kan, ó sọ ibi tí wọ́n ti wá. Pano àti lakto, lẹ́nu àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni. Fiŝo, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ló ni ín. Bulko, ìyẹn búrẹ́dì kékeré roboto, àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Nígbà tó dé orí sukero, ó ní lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá ni gbogbo ilẹ̀ òyìnbó ti gba ọ̀rọ̀ náà, ara mi sì yá gágá, torí alfa tó kọ́ mi ní kéú máa ń pe ṣúgà ní súkárì, àwa a sì máa rò pé ó ń fi í ṣe fáàrí ni. Lẹ́yìn náà ó yọ ìwé ńlá kan nínú àpò rẹ̀, ó bi wá pé kí ni ìyá rẹ ń gún nínú odó. Mo ní iṣu ni, pé kò sí nínú èdè náà. Ó ṣí ìwé, ó ní, "Ignamo." Ó ní àwọn Pọtogí ló gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn dúdú ní etíkun wa níhìn-ín, tí wọ́n gbé e lọ sílé, tó wá ti ibẹ̀ wọ èdè náà. Tísà gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́ títí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ti wà nínú èdè yẹn kí a tó bí àwa méjèèjì, a sì ń fi odó pamọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí o rí. Èmi rò pé èdè tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni Ẹsipẹráńtò, ìdí nìyẹn tí mo fi fi oúnjẹ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ṣàlejò ẹni tó ń sọ ọ́. Irọ́ ni. Ẹni tó ṣe é kò kàn jókòó kó máa pèsè orúkọ oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ń yà kiri, tó ń gba ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Kò sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ kan níbẹ̀ tí kò ní ìyá tó kọ́kọ́ pè é fún ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Èkínní, má ṣe gbé búrẹ́dì àti sàdíìnì síwájú ìyá ọkọ rẹ. Kì í ṣe pé ó burú. Ìwọ fúnra rẹ ni kò sí nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ ẹ́, kò tíì jẹ oúnjẹ rẹ. Bí ó bá sì kọ̀ ọ́, o kò ní mọ̀ bóyá ìwọ ló kọ̀ tàbí sàdíìnì. Lọ ẹ̀wà rẹ kúnná, po ọ̀ọ̀lẹ̀ rẹ bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ, pọ́n ọn sínú ewé, kí o sì gbé e fún un pẹ̀lú ẹ̀kọ tó dì dáadáa. Kúnlẹ̀ gbé e fún un. Sọ orúkọ rẹ̀ fún un, kí o sì dákẹ́.

Èkejì, ní ọjọ́ kejì, gbé ìkòkò àti ọmọrogùn fún un. Mo gbọ́ pé wọ́n mọ ìrẹsì àti ẹja í sè ní Bídà. Jẹ́ kó se tirẹ̀, kí ìwọ jókòó ti ààrò bí ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Fi ìka tọ́ka sí nǹkan, kí o bi í lórúkọ. Ohunkóhun tó bá pè é ni kí o máa pè é láti ọjọ́ náà lọ nílé yín, bí ahọ́n rẹ kò tilẹ̀ yí i dáadáa. Bí ó bá rẹ́rìn-ín sí ọ, o ti borí. Má sì rò pé ohun àjèjì lò ń ṣe. Àlùbọ́sà tí à ń gé sọ́bẹ̀ lójoojúmọ́ ní Ọjà'ba yìí, àwọn Gàńbàrí ló bá wa mú orúkọ rẹ̀ wá, àwọn náà sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Kò sẹ́ni tó tún ń bi í níbi tó ti wá.

Ẹ̀kẹta, má fi ọkọ rẹ ṣe ògbufọ̀ ní gbogbo ìgbà. Èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀ láàárín Stefano àti ìyá rẹ, mo sì ń gbádùn rẹ̀ jù, torí pé kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ àfi nípasẹ̀ mi. Síbẹ̀, kí n tó la ẹnu rárá, abọ́ ẹ̀kọ yẹn ti bá a sọ̀rọ̀. Yàkúbù jẹ́ ọmọ dáadáa. Má fi í sáàárín ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, kó máa wo ọ̀tún wo òsì.

N kò mọ nọ́ńbà tó kàn mọ́. Bí ó bá ti abọ́ rẹ sẹ́yìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má sunkún níwájú rẹ̀. Fa abọ́ náà mọ́ra, kí o jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, kó rí i pé ó dùn mọ́ ọ. Lọ́la, tún gbé òmíràn. N kò ní kí o sọ ara rẹ di ẹní tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ o. Bí ó bá bú ilé bàbá rẹ, sọ fún ọkọ rẹ ní jẹ́jẹ́, kí o sì kọ̀wé sí èmi náà, torí inú ń tètè bí mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wọ rélùwéè. Ṣùgbọ́n má di ẹrù nítorí abọ́ kan. Àwa náà kò ní ka ọ̀rọ̀ omi tó mu nílé wa yẹn sí i lọ́rùn. Àárín ẹni tí kò mọ̀ rí ló wà lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń fa ọmọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Mo mọ bó ṣe rí. Èmi náà ti fa tèmi lé wọn lọ́wọ́.

Ó ku ohun kan, òun ló sì le jù fún mi láti kọ. Nígbà tí mo kà á pé wàá di ẹrù wálé, apá kan nínú mi yọ̀. Láti ìgbà tí o ti lọ, ilé yìí ti dákẹ́ jù fún mi, mo sì ronú pé bí obìnrin yẹn bá kọ̀ ọ́, n óò tún gbọ́ ohùn rẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ tó bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ náà kò sì dára tán. Ìyá rẹ rí i lójú mi lálẹ́ àná. Ó ní, "Bàbá Mùínà, ẹ kọ ìwé tó máa jẹ́ kó dúró. Ẹ má kọ èyí tó máa jẹ́ kó padà wá." Òun ló jẹ́ kí n kọ èyí tí ò ń kà yìí.

Láti ọjọ́ tí o ti lọ, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi lórí ẹní, níbi tí o ti máa ń jẹun. Láàárọ̀ yìí, àbúrò rẹ Kúdírátù gbé abọ́ rẹ̀ wọlé, ó ń lọ sídìí ògiri bó ti máa ń ṣe. Mo sún, mo ní kó wá jókòó síbẹ̀. Ó wojú ìyá rẹ, ó wojú mi, ó sì jókòó.

Kí Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ fi ọ́ múlẹ̀ níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tí àárò rẹ ń sọ.